Ohun Tí Kùdírátù Kò Sọ

Irin ìdábùú náà kò yọ́. Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ti di èédú, ó ti wó lulẹ̀ tòun ti férémù, àmọ́ irin tí wọ́n fi ń dábùú rẹ̀ láti ìta ṣì wà nínú òrùka rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ délẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan fi gbogbo agbára tì í. Ìnsípẹ́kítọ̀ Láwùmí Àyànkúnlé lóṣòó tì í láàárín eérú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó wo irin, ó wo òrùka, ó wo ìhà tí ilẹ̀kùn kọjú sí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí sájẹ́ǹtì àgbàlagbà tó bá a gbé páànù kúrò.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Títí kan àwọn tó ni ilé ìtẹ̀wé yìí."

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 1986. Láti Sátidé tó kọjá ni iná ti jó sítọ́ọ̀ bébà ilé ìtẹ̀wé náà, ní Ring Road, ní ọ̀sán gangan. Òrùlé wó bo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ògiri kan sì dúró tí ó ń mì, àwọn panápaná sì ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí àwọn yóò fi bì í lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ keje ni ojú èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí ló kú sínú sítọ́ọ̀ náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá gba iṣẹ́ títọ́jú sítọ́ọ̀ kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé èéfín ló dà á lójú rú tí kò fi rọ́nà jáde. Láwùmí dìde, ó gbọn eérú kúrò létí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kì í ṣe èéfín ló dí ọkùnrin náà lọ́nà.

*

"Irin lásán," ni Ọ̀gá Gbádérọ̀ wí. Òun ni ọ̀gá àgọ́ wọn, kò sì gbójú sókè nínú fáìlì tó ń kà. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin yẹn ń lọ sí kóòtù."

"Irin kì í dábùú ara rẹ̀, sà. Ẹni tó wà nínú ilé kò sì lè nawọ́ jáde tì í."

"Ó dáa." Ó wá gbójú sókè. "Kùdírátù náà ló tì í nígbà náà. Mo ti ń wá ohun tí n óò fi kún ẹjọ́ rẹ̀, o ti bá mi rí i. Láàárọ̀ yìí, àìbìkítà ni. Ní báyìí, ó ti di ìpànìyàn. O ṣeun."

Kùdírátù ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé ìtẹ̀wé, tó sì ń se tíì fún àwọn òṣìṣẹ́ lórí sítóòfù kẹrosíìnì lẹ́yìn sítọ́ọ̀. Sítóòfù yẹn ni wọ́n ní ó dá iná sílẹ̀. Láwùmí rò pé irin yìí yóò gbà á sílẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹrù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lòún gbé wá fún un.

"Kí ló máa mú kí alágbàálẹ̀ pa bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, sà?"

"Bi í." Gbádérọ̀ ju bébà márùn-ún tí wọ́n fi píìnì mú pọ̀ síwájú rẹ̀. "Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n sì ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Ìwọ náà kúkú jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kó tó di pé o wá ń yọ wá lẹ́nu níbí. Kà á, kí o jẹ́ kí n sinmi."

*

Ọdún mẹ́sàn-án ni Láwùmí fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn ọkùnrin àgọ́ náà kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, ó ka ìròyìn náà tán, kò rí nǹkan kan. Ó tún un kà. Nígbà tó dé ojú ìwé karùn-ún, ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

Gbólóhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nípa Kùdírátù. Àkọ́kọ́ ní: "She claimed that she had put out the stove." Èkejì ní: "She conceded that she cooked there every day." Ẹ̀kẹta ní: "She did not disclose that the back door was bolted from outside."

Tí a bá ń sọ Yorùbá, "ó ní" a máa gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wa. Ó ní òun ti paná. Ó ní òun ń dáná níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ òótọ́, ọrùn ẹni tó sọ ọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ́fíìsì kì í fẹ́ fi "said" nìkan ṣe é láti òkè délẹ̀. Ó ní láti yan ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀, ibi tó bá sì ti yàn ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti máa ń hàn. Tó bá kọ "claimed", ohun tó ń sọ ni pé, báyìí lobìnrin yìí wí, ẹ má pè mí sí ẹlẹ́rìí. Tó bá kọ "conceded", ó ń sọ pé tipátipá ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bóyá ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í tó fi dáhùn. Àwọn méjì wọ̀nyí kàn fi ìkórìíra hàn ni, ìkórìíra kò sì tíì di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ̀kẹta yàtọ̀. Èèyàn kò lè fi ohun tí kò sí pamọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá kò tú u síta pé wọ́n ti ìdábùú, òun fúnra rẹ̀ ti búra pé wọ́n ti ìdábùú.

Láwùmí wo déètì tó wà lókè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí òun tó gbé páànù kúrò lórí irin yẹn.

*

Kùdírátù jókòó sórí sìmẹ́ǹtì nínú àhámọ́, ó kọjú sógiri. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Agbowó ló ń gbé. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ti mú un.

"Ìyá, ẹ kúu jókòó."

Kò yíjú padà.

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín."

"Ẹ ti bi mí. Ẹ̀yin náà lẹ sì dá a lóhùn. Kí lẹ tún ń wá?"

"Nígbà tí àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín pè yín, ṣé wọ́n bi yín nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

"Ilẹ̀kùn wo?" Obìnrin náà yíjú padà díẹ̀. "Ọlọ́pàá ló mú mi lọ bá wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí wọ́n dì mí lọ́wọ́ bí ẹran. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo ni sítóòfù. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé ojoojúmọ́ ni mo ń dáná níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tíì wọn ṣá ni mo ń sè. Mo ní mo ti paná rẹ̀ kí n tó lọ kírun ọ̀sán. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀kùn."

"Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló ń kọ nǹkan. Mo ha mọ̀wé bí?"

"Nígbà tí ẹ ń lọ kírun, báwo ni ilẹ̀kùn yẹn ṣe wà?"

"Ó ṣí sílẹ̀. Bàbá Akínbíyìí jókòó sẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń ka ìwé kan. Mo kí wọn, wọ́n kí mi." Ohùn rẹ̀ le sí i. "Ohun tí mo sọ, ẹ ò gbà á. Ohun tí mi ò sọ, òun lẹ tún wá ń béèrè. Ẹ máa lọ."

Láwùmí dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kọjú sógiri padà.

*

Alhaji Tàjúdéènì, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé ni. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹlẹ́ni méjì tó kọ ìròyìn náà. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, kò sì ní kí Láwùmí jókòó.

"Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Alhaji."

"Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan."

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Akínbíyìí kì í rẹ́. Lẹ́tà ìbáwí mẹ́ta lẹ kọ sí i láàárín ọdún kan. Ẹ sọ lójú àwọn òṣìṣẹ́ pé kó tó di Ọdún Àjíǹde, yóò kúrò nínú sítọ́ọ̀ yẹn."

"Mo sọ ọ́. Ọ̀lẹ ni. Gbogbo ìgbà ló ń kàwé lẹ́nu iṣẹ́." Alhaji fọwọ́ gbá tábìlì. "Ṣé torí pé mo bá ọ̀lẹ wí ni mo wá ṣe dáná sun ún? Ọlọ́pàá tí kò níṣẹ́."

Láwùmí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọkùnrin náà nìyí. Ìbínú rẹ̀ pọ̀, ó ní ìdí, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wo ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan kan kò bára mu. Lójú ìwé kìíní dé ìkẹrin, gbogbo ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló "opined". Aṣọ́gbà "opined". Awakọ̀ "opined". Ọ̀gá àwọn panápaná, tó kàn ń sọ pé ilé ti jó tán, òun náà "opined", bí ẹni pé èrò ọkàn lásán ni eérú. Irú ẹni tó bá ń kọ ọ́ báyìí, adùn Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá. Kò ní ète kankan.

"Alhaji, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò 'opine' lójú ìwé karùn-ún?"

"Kí ni?"

Ó nà án sí i. Ọkùnrin náà gbé awò rẹ̀ sójú, ó kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìbínú ojú rẹ̀ yí padà, ó di ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Mi ò ka èyí. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Mo bá karùn-ún níbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọwọ́ sí i, mo rò pé àkójọpọ̀ lásán ni." Ó jókòó. "Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Ṣakí ni mo wà. Mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìmáàmù tó kírun sí i lára."

"Ta wá ló kọ ọ́?"

Alhaji na ìka sí yàrá kejì, níbi tí taipúráítà ti ń dún.

Wándé ni orúkọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ tútù kan tó ti ń gbọ́ ohun gbogbo láti ìgbà tí wọ́n ti ń pariwo. Kò dúró kí Láwùmí béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun ló mú un wá, ó fọwọ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n má kúkú kọ 'said' sí gbogbo rẹ̀, kó lè bára mu. Wọ́n ní kí n tẹ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n gba bébà wọn padà."

Olúrótìmí Ọ̀ṣuntókun ni ọ̀gá àwọn olóòtú, òun sì ni ìkejì Alhaji nínú ìgbìmọ̀.

"Kí ló wà láàárín òun àti Akínbíyìí?"

Wándé rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kìíní tí ìwé Ọ̀gá Ọ̀ṣuntókun ti jáde, bàbá náà kò kí i mọ́."

"Ìwé wo?"

Ó fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, fún àwọn ọmọ iléèwé girama, orúkọ Ọ̀ṣuntókun wà gàdàgbà lára èèpo rẹ̀. Láwùmí ṣí i wò. Orí kẹsàn-án dá lórí bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ̀wé. Ó kà á lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn méjèèjì sì ń wò ó.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sátidé, nílé Akínbíyìí ní Àpáta, opó rẹ̀, Ìyá Ọláníkẹ́, kò ṣí géètì tán. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó dúró sáàárín àlàfo géètì, ó sì ń wo baàjì ọlọ́pàá tó wà láyà Láwùmí.

"Ẹ ti mú ẹni tó pa á, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Mo gbọ́ lórí rédíò. Kí lẹ tún wá ṣe nílé mi?"

"Mi ò rò pé òun ló pa wọ́n, Màmá."

"Ẹ tú u sílẹ̀ nígbà náà. Ṣé èmi ni mo tì í mọ́lé ni?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí bàbá ń kà lẹ́nu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá."

Ó ṣe, obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n kò fún un lómi.

Ìwé tirẹ̀ ni, ló wí. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ òun fi kọ ọ́ lálaalẹ́, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé e fún Ọ̀ṣuntókun kó bá a wò ó, torí pé Ọ̀ṣuntókun ló mọ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọdún méjì kọjá. Nígbà tó máa jáde, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Akínbíyìí gba ìwé àfọwọ́kọ náà padà pẹ̀lú ọgbọ́n, ó ní òun yóò fi han ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀ṣuntókun bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn kọ́kọ́ jọ sọ ọ́.

"Ó ní kó wá bá òun ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí kò ní sí èèyàn púpọ̀. Mo ní kó má lọ. Ó ní kí ni tíṣà lè fi tíṣà ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

"Mo sọ ọ́. Ọlọ́pàá kan jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka ohun tó kọ fún mi pé mo 'alleged' pé wọ́n jí ìwé ọkọ mi." Ẹ̀rín kan tí kò ládùn yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó tíṣà ni mí, mo mọ̀ pé ẹ̀sùn tí kò lẹ́rìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lé e jáde."

Ó wọ yàrá lọ, ó mú ìwé àjákọ mẹ́fà jáde, àwọn èyí tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́kọ́ ṣe ìwé náà kó tó dà á kọ. Kò fi sílẹ̀ lọ́wọ́ Láwùmí. Òun ló dì í mú, tí Láwùmí ń kà á lọ́wọ́ rẹ̀. Déètì ọdún 1981 ló wà níwájú ìkẹrin. Nínú rẹ̀ ni orí kẹsàn-án wà, gbólóhùn sí gbólóhùn, títí dé àpẹẹrẹ télọ̀ ará Òkehò tó "claimed" pé òjò ló ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà ni Láwùmí àti sájẹ́ǹtì dé Bódìjà. Ọ̀ṣuntókun wà ní fàráńdà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ọkùnrin ẹlẹ́wà ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó wo bàtà wọn kó tó wo ojú wọn.

"Àwọn ọlọ́pàá a máa kọ lẹ́tà kí wọ́n tó wá sílé èèyàn."

"Àforíjì, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ojú ìwé yìí?"

Ó wò ó fìrí. "Èmi ni. Alhaji kò lè kọ ìparí tó mọ́gbọ́n dání. Kí ló burú nínú rẹ̀?"

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ti ìdábùú ilẹ̀kùn láti ìta?"

"Obìnrin náà."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kò sọ."

Ìwé ìròyìn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn panápaná, bóyá."

"Òrùlé ló bò ó mọ́lẹ̀. Àná ni mo gbé e kúrò. Èmi àti sájẹ́ǹtì yìí la kọ́kọ́ rí i."

"Mádáàmù." Ó rẹ́rìn-ín, bí olùkọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó gbọ́n díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. 'Did not disclose', 'did not say', ọ̀kan náà ni. Mo kàn ń wá ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ ni. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn, yálà wọ́n tì í tàbí wọn ò tì í."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Ọ̀kan náà."

Láwùmí ṣí ìwé girama náà sórí orí kẹsàn-án, ó gbé e lé e nítan.

"Ìwé yín ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó ní kí ọmọ iléèwé má ṣe kọ 'disclose' tàbí 'reveal' tàbí 'conceal' láé, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tó tẹ̀lé e. Ó fi odindi ojú ìwé méjì sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń sọ ẹni tó ń kọ̀wé di ẹlẹ́rìí."

Ọ̀ṣuntókun wo ojú ìwé náà. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ìlà dé ìlà, ó sì hàn sí Láwùmí pé ọkùnrin náà kò tíì kà á rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ó kọ ọ́.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí," ni Láwùmí wí, "ẹ mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lójú ìwé karùn-ún, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìwé. Ẹ mú ọ̀kan. Mo ti ka ìwé àjákọ Akínbíyìí ní Àpáta. Télọ̀ Òkehò wà níbẹ̀, láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn."

Sájẹ́ǹtì ti sún dé ẹ̀yìn àga ọkùnrin náà.

"Tíṣà sítọ́ọ̀," ni Ọ̀ṣuntókun wí níkẹyìn, ìríra sì kún ẹnu rẹ̀. "Ta ni yóò ra ìwé tó bá ní orúkọ Akínbíyìí lára? Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní kó jẹ́ ká jọ fi orúkọ rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, pé ó ràn mí lọ́wọ́. Ó gbé ìwé àfọwọ́kọ yẹn mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Mo já a gbà, mo ṣáná sí i, mo jù ú sílẹ̀. Ó sáré wọlé tẹ̀ lé e."

"Inú sítọ́ọ̀ bébà lẹ jù ú sí."

"Níbi tọ́wọ́ mi bọ́ sí ni mo jù ú."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Mo fà á dé. Kí iná má baà jáde."

"Ẹ fà á dé. Ẹ sì ti ìdábùú. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?"

Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Kùdírátù ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti padà di ti ọ́fíìsì. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá yóò rí irin yẹn. Ó fẹ́ kí ẹ̀bi rẹ̀ ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn kí wọ́n tó rí i. Alágbàálẹ̀ tí kò mọ̀wé, ta ni yóò bá a jiyàn?

"Ẹ dìde, sà," ni Láwùmí wí.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Gbádérọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n tú Kùdírátù sílẹ̀ kí àwọn oníròyìn tó dé. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Láwùmí. Ohun tó sọ fún un ni pé ó yẹ kó ti jábọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kó tó lọ sílé èèyàn ńlá.

Wọ́n mú obìnrin náà wá síwájú káńtà. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Gbádérọ̀ tẹ́ bébà kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé páàdì tàdáwà dúdú tì í.

"Tẹ̀ka síbí, kí o máa lọ sílé rẹ."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Pé a tú ẹ sílẹ̀. Tíṣà, sọ fún un."

Kùdírátù yíjú sí Láwùmí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wò ó lójú kòró. "Ìwọ tíṣà. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Láwùmí mú bébà náà. "I acknowledge that I was well treated." Ó mọ̀ pé Gbádérọ̀ ń wo òun.

"Ó ní ẹ gbà pé a tọ́jú yín dáadáa."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ pé ẹ ní bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà ti ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà dúdú. Ó fà á sẹ́yìn, ó di ìkúùkù. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò níí lọ," ni Gbádérọ̀ wí.

Láwùmí yí bébà náà padà síhà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó mú bírò. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, Ìyá."

"Láwùmí," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. Láwùmí gbé bírò lé bébà.

Kùdírátù wò ó pẹ́, bí ẹni ń wá ibi tí ẹ̀tàn fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Kọ ọ́ pé orí sìmẹ́ǹtì ni mo sùn. Kọ ọ́ pé mo béèrè omi àlùwàlá, wọn ò fún mi. Kọ ọ́ pé mo sọ òótọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbà á, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Láwùmí kọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lókè rẹ̀ ló kọ: "Kùdírátù ní." Ó kà á padà sí i létí. Obìnrin náà ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ó wá tẹ̀ka sí i, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára káńtà. Kò dúpẹ́, kò dágbére. Ó wé gèlè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọdá sí òdì kejì títì, ó nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Agbowó. Gbádérọ̀ na ọwọ́ fún bébà náà. Láwùmí fẹ́ atẹ́gùn sí i kí tàdáwà rẹ̀ lè gbẹ, ó fi í há inú fáìlì nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì tì í pa.